Ìdajì Iná ní Elelenwo

Iná tó bá kú pátápátá kì í yọ mí lẹ́nu. Òkú kì í purọ́. Bóyá jẹnẹrétọ̀ ló kú, bóyá fíúsì ńlá ló jó. O ó rí i, o ó tún un ṣe, o ó lọ jẹun. Iná tó kú ní ìdajì ni ọ̀tá mi. Gílóòbù ń tàn ní pálọ̀, fíríìjì dákẹ́ ní ilé ìdáná. Fáànù ń yí, áyọ́ọ̀nù tutù bí imú ajá. Onílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ lérí, á ní, "Iná wà o, àmọ́ iná ò sí." Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń gbọ́ gbólóhùn yẹn ní Port Harcourt. Títí dòní tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo bá gbọ́ ọ, ńṣe ni eyín máa ń ro mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ wáyà dára láti kọ́, ẹ jókòó. Mi ò ní sọ pé kí ẹ kọ́ ọ, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má kọ́ ọ. Màá sọ ohun tí ojú mi rí, màá sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kálukú wà bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Ọdún 1968 ń parí lọ. Ìbọn ti dákẹ́ nígboro Port Harcourt, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ṣì ń jà lókè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní reluwé, mú mi lọ bá Ọ̀gá Ládélé, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, wọ́n gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ bá wa kọ́ Wọlé níṣẹ́." Ó parí. Ọmọ ogún ọdún ni mí.

Ìsọ̀ Ọ̀gá wà lẹ́yìn ọjà Creek Road, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń bá òórùn wáyà jíjó jà látàárọ̀ dalẹ́. Mo rò pé lọ́jọ́ kejì ni màá ti máa gun àkàbà. Ọ̀gá gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan àti báírò lé mi lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ rẹ nìyí."

"Ọ̀gá, wáyà ńkọ́?"

"Wáyà ò tíì mọ̀ ọ́."

Oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fọwọ́ kan wáyà. Tí oníbàárà bá wọlé, èmi ni mo máa jókòó tì í, kí n kọ ohun tó bá sọ nípa iná rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mo rò pé ó sọ o. Ohun tó sọ gan-an. Tí ó bá jẹ́ Pijin ló fi sọ ọ́, Pijin ni màá kọ. Tí ó bá bú ìjọba láàárín, màá kọ èébú náà. Kì í sì í ṣe oníbàárà nìkan: gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí iná náà kú ni Ọ̀gá ń fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja ò pe orúkọ mi mọ́, "Reporter" ni wọ́n ń pè mí. Inú ń bí mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ níbòmíràn ti ń fi tẹ́sítà tí wọ́n fi ń dán iná wò sí àpò àyà, tí wọ́n ń rìn bíi dókítà. Èmi ń kọ lẹ́tà bí akọ̀wé kóòtù.

Lọ́jọ́ kan, télọ̀ kan wá láti Diobu. Ó ní, "My light get fever." Mo rò ó lọ́kàn mi pé kí ni ibà ń wá lára iná? Mo kọ ọ́ síwèé pé: *Fíúsì ń jó.*

Ọ̀gá ka ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ta ló sọ pé fíúsì ń jó?"

"Ọ̀gá, ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn."

"Mo bi ọ́ pé ta ló sọ ọ́."

"Èmi ni, Ọ̀gá. Òun ní iná òun ní ibà."

Ó ya ojú ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Diobu, kí n lọ bi télọ̀ náà léèrè bí ibà ọ̀hún ṣe ń ṣe. Mo rìn lọ. Bàtà mi já lọ́nà. Télọ̀ náà wò mí bíi wèrè, ó wá ní, "E dey shake. When lorry pass, e shake. Lorry go, e well." Mo rìn padà. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Ohun tó bá ń gbọ̀n, ó ń yẹ̀ ni. Ìdè wáyà kan ti dẹ̀ nínú ògiri yẹn. Ọkùnrin yẹn ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́, ìwọ fẹ́ sọ ọ́ nù. Wọlé, iná kì í ṣàlàyé. Àwọn tó ń bá a gbé ló ń ṣàlàyé rẹ̀."

Mo gbọ́ o. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Nígbà tí 1969 dé àárín, tí mo ti ń fọwọ́ kan wáyà, iṣẹ́ kan dé tó mú wa jáde nígboro. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wá epo kiri kó kárafáànì wọlé láti òkè òkun, àwọn ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara wọn, pákó pẹlẹbẹ ni ilẹ̀ wọn, táyà méjì ló gbé wọn dúró, a sì máa ń ki igi bọ abẹ́ wọn níwájú kí wọ́n má baà dojú dé. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná láti ara jẹnẹrétọ̀ wọ inú wọn. Ìyà tí àwọn kárafáànì yẹn fi jẹ wá, kò ṣeé fẹnu sọ. Ohun tí a bá tò sórí táyà tí a ń wọ́ gba inú kòtò àti gegele, kò sí ìdè wáyà tí kò ní dẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sì sí èyí tí yóò kú pátápátá nínú wọn, kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Ìdajì ni wọ́n máa ń kú!

Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n yá àwọn aláàánú kan láti fi ṣe ilé ìwòsàn fún àwọn ìyá àti ọmọ ní Elelenwo. Oko ló kún ibẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá rí Elelenwo òní kò lè mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ni Sístà Boma. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kalabari, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Abẹ́òkúta, Township nígboro Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rìn díẹ̀, kó wọ Pijin, kó tún jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló fi ìwé ránṣẹ́ sí Ọ̀gá: apá ẹ̀yìn kárafáànì òun ti ń kú, ó ń jí, fíríìjì sì wà ní apá ẹ̀yìn náà. Oògùn àjẹsára èèyi ń bọ̀ wá bá òun ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Èèyi ti wọ abúlé méjì nítòsí. Àwọn ìyá ti gbọ́ pé kí wọ́n kó ọmọ wọn wá ní ọjọ́ Ẹtì. Tí fíríìjì kò bá tutù, oògùn náà á bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa dé.

Ọ̀gá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíràn. Ó wò mí títí.

"Lọ, ìwọ nìkan. Tí o bá dá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òmìnira rẹ. Mú ìwé rẹ dání."

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo dé Elelenwo. Tẹ́sítà wà ní àpò àyà mi. Mo ń rìn bíi dókítà.

Èèyàn mẹ́ta ló dúró dè mí: Sístà Boma, Amadi tó ń ṣọ́ ọgbà, ọmọ Rumuodara, àti ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbá ilé tó sì ń nulẹ̀, Mama Ibinabo. Mo ṣí ìwé, mo ní kálukú sọ tirẹ̀. Ẹ fetí sí i.

Sístà Boma ní, "Bọ̀dá oníná, bí mo bá ti ń se abẹ́rẹ́ ni. Mo gbé ìkòkò abẹ́rẹ́ sórí iná, mo jókòó tì í, kò pẹ́, gbogbo ẹ̀yìn á kú, kpata-kpata!"

Amadi ní, "No be needle o. Na rain. Rain fall, light die."

"Amadi, ìgbà wo lo wọ inú ilé?" Sístà dá a lóhùn. "Ìwọ tó ń sùn lábẹ́ igi!"

"Sister, I dey sleep with one eye."

"Ojú kejì ló ń hanrun."

Mo kọ ti Sístà sílẹ̀, mo kọ ti Amadi, inú sì ti ń bí mi. Abẹ́rẹ́ lójú ẹnì kan, òjò lójú ẹnì kejì. Mama Ibinabo wá súnmọ́ mi, igi ìnulẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Ó ní, "My pikin, na when I sweep, light dey come back. I draw box, e wake. I push box, e die."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Mama, broom no be electrician."

Amadi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ igi. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Okay. Me I don talk my own." Ó kọjá lọ sí ẹ̀yìn kárafáànì.

Mo pa ìwé dé. Ti Mama Ibinabo kò sí nínú rẹ̀. A kò gbọ́ èdè ẹga, a ní ẹga ń pàtótó.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe, kí ẹ sì wò ó dáadáa, torí kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ ló ṣe mí. Ohun tí mo mọ̀ ló ṣe mí. Gbogbo wa tí a kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ohun kan ni wọ́n fi bọ́ wa: wáyà pupa ló ń gbé iná wọlé, dúdú ló ń gbé e padà, aláwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀, tí a ń so mọ́ ara irin kí iná tó bá ṣìnà lè bá a wọlẹ̀. Pupa ni iná! A tilẹ̀ ń kọ ọ́ lórin.

Mo tú ibi tí fíríìjì ti ń gba iná. Wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: dúdú, pupa, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ eérú. Aláwọ̀ ewé kò sí. Mo fi tẹ́sítà kan pupa, kò tàn. Mo ní, "Àhá, pupa ti já." Mo fi kan dúdú, kò tàn. Ó bá ohun tí mo mọ̀ mu, torí dúdú kì í tàn. Mo wá rí i pé ẹni tó ṣe kárafáànì náà so pupa mọ́ ojú tó jẹ́ ti wáyà ilẹ̀, ó fi dúdú sí ojú iná. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo ní, "Òyìnbó yìí ò mọṣẹ́."

Apá iwájú kárafáànì náà, ará wa kan ti tún un wá ṣe kí ó tó dé Elelenwo, ó sì lo wáyà Gẹ̀ẹ́sì. Pupa níbẹ̀, mo fi tẹ́sítà kàn án, ó tàn yòò. Kí ni mo tún ń wá? Mo gé dúdú ẹ̀yìn tí kò wúlò mọ́, mo fa dúdú tuntun láti iwájú. Mo so pupa iwájú mọ́ pupa ẹ̀yìn. Mo wá tún ti òyìnbó tí kò mọṣẹ́ ṣe: mo fi pupa sí ojú iná, mo fi aláwọ̀ eérú sí ojú ti wáyà ilẹ̀. Fíríìjì gbọ̀n, ó kùn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Sístà Boma pàtẹ́wọ́. Ó dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ lábẹ́ igi Amadi, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ òmìnira.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Ọ̀gá ka ìwé mi kí ó tó bèèrè ohunkóhun.

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta, Ọ̀gá."

"Ẹni méjì ni mo rí."

"Ìyá tó ń gbálẹ̀ ni ẹnì kẹta, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ló ń sọ. Fíríìjì sì ti ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Pupa ti já, Ọ̀gá."

"Níbo ló ti já?"

Ibi tó ti já, mi ò wá a dé. Ọ̀gá dìde, ó wọ sálúbàtà, ó ní, "Gbé àpò." A kọrí sí Elelenwo.

Ilẹ̀ ọgbà náà ti di ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú sálúbàtà Ọ̀gá rì sínú ẹrẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Sístà Boma yọjú láti inú kárafáànì, ó wọ bàtà rọ́bà gígùn tó fi ń rìn nínú òjò.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o! Fíríìjì ń ṣiṣẹ́! Àmọ́ ilẹ̀kùn yìí, láti àárọ̀ ló ti ń ta mí bí ìjàlọ..."

Ọ̀gá ti di irin ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Kò pariwo. Ohun tí mo rántí nìyẹn, pé kò pariwo. Ara rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ kò sì fi irin sílẹ̀. Mo dúró. Èmi tí mo ní tẹ́sítà ní àpò àyà, mo dúró bí òpó. Mama Ibinabo ló sáré yọ láti abẹ́ àtíbàbà, ó na igi ìnulẹ̀ gbígbẹ rẹ̀, ó sì fi gbá ọrùn ọwọ́ Ọ̀gá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lára irin, Ọ̀gá ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀. Amadi, tí wọ́n ní ó máa ń sùn, ti dé ìdí jẹnẹrétọ̀, ó ti pa á.

Gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀gá mí. Ó tún mí. Sístà Boma kúnlẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti jóná. Ó ń bú mi bó ṣe ń dì í: "Ṣé o fẹ́ pa wá ni? Àwọn ìyá tó ń bọ̀ lọ́la, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, láìwọ bàtà! Wọlé, you for kill person pikin!" Mo ti rò ó kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀gá jókòó ti igi. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mú ìwé rẹ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yín..."

"Mo ní mú ìwé rẹ! Mama, abeg, talk am again. The thing wey you tell this goat."

Mama Ibinabo tún un sọ, mo sì kọ ọ́: *I draw box, e wake. I push box, e die.*

Ọ̀gá pa ojú dé. "Àpótí wo?"

Àpótí igi ńlá kan ni, tó kún fún báńdéèjì àti oògùn. Ìdí ògiri ló wà, lórí ilẹ̀ pákó, ní àárín kárafáànì.

"Sístà, tí ẹ bá ń se abẹ́rẹ́, orí kí ni ẹ máa ń jókòó sí?"

Sístà Boma ní, "Orí àpótí yẹn ni."

"Amadi. When rain fall, the people wey dey wait, where dem dey stay?"

"Dem dey enter inside."

"Where dem dey sit down?"

Amadi wo Sístà, ó wo Mama. "For the box."

Abẹ́rẹ́, òjò, ìgbálẹ̀: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò purọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń wí, kálukú láti ibi tó dúró sí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ìwé kan á rí i, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sì kọ.

"Wọ abẹ́ kárafáànì," ni Ọ̀gá wí. "Wò ó lábẹ́ ibi tí àpótí wà. Máa sọ ohun tí o bá rí fún mi. Má sọ ohun tí o rò."

Mo fi ẹ̀yìn wọ́ nínú ẹrẹ̀ lọ sábẹ́ kárafáànì. "Ọ̀gá, ìdè wáyà kan wà níbí, ó rọ̀ mọ́ abẹ́ pákó. Dúdú ni. Aṣọ tí wọ́n fi dì í ti jẹrà. Pákó ti rì síbí. Tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á fa ìdè náà yà."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Mo wò. Mo rí wáyà kan tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ irin gbọọrọ tó gbé gbogbo kárafáànì náà dúró. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

"Wọlé, kí ló wà lára irin?"

"Pupa ni, Ọ̀gá."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Ní ìlú tí wọ́n ti ṣe kárafáànì yẹn, dúdú ló ń gbé iná wọlé, àwọ̀ eérú ló ń gbé e padà, pupa sì ni wáyà ilẹ̀. Òyìnbó náà mọṣẹ́. Èmi ni mo gbé iná wọ inú gbogbo irin ilé náà, láti òrùlé dé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Táyà rọ́bà àti igi ló sì gbé e dúró, iná náà kò rí ọ̀nà wọlẹ̀, fíúsì kò jó, kò sí ohun tó kìlọ̀. Iná jókòó síbẹ̀, ó ń retí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Mo tú gbogbo ohun tí mo so. Ọ̀gá ń darí mi láti ìdí igi, ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun: "Dúdú mọ́ dúdú. Yí i dáadáa. Tún un yí. Dì í. Ó tó? Kò tó, tún un dì." Ọkọ̀ tó gbé oògùn dé nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ilé. Ẹni tó gbé e wá ní òun ò lè fi í sílẹ̀ tí fíríìjì kò bá ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ tí Sístà Boma ń bá a jà lókè orí mi: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dúró! Yìnyín yín ṣì wà." Nígbà tó yá: "Yìnyín yín ti ń di omi o. Ẹ ṣì dúró."

Ó dúró. Amadi tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo bọ́ bàtà, mo dúró nínú ẹrẹ̀, mo di irin ọwọ́ ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Irin tútù lásán ni. Fíríìjì kùn. Mama Ibinabo gòkè, ó fa àpótí, ó ti í padà sí ipò rẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Fíríìjì ṣì ń kùn.

Ó ní, "Now, e no die."

Wọ́n kó oògùn náà wọlé pẹ̀lú ìyókù yìnyín. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìyá dé. Mi ò sí níbẹ̀. Mo wà ní ilé ìwòsàn ní Township, mo ń bọ́ Ọ̀gá ní ògì. Sístà Boma ló sọ fún mi pé ìlà wọn dé ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Ọ̀gá kò ká mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò lè di púláyà mú, kò lè fi báírò kọ̀wé. Mo retí pé kó lé mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tilẹ̀ ti wá bẹ̀ ẹ́ kó tó di pé ó bínú. Ọ̀gá ní, "Ta ló máa wá di wáyà fún mi tí mo bá lé e?" Ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà, èmi ni mo jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń sọ, mo ń ṣe. Kò rọrùn. Èèyàn tó ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ kì í ní sùúrù, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti má ní i.

Mo ṣiṣẹ́ náà ní Port Harcourt títí orí mi fi funfun. Kárafáànì pòórá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gba ipò wọn. Tẹ́sítà di mítà onítọ́ka, mítà onítọ́ka di èyí tó ń kọ nọ́ńbà. Gbogbo ilé wá ra jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tó ń pariwo bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọ̀ wáyà Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yí padà: pupa di búráwùn, dúdú di búlúù. Àwọn tí orí wọn dàrú nígbà yẹn pọ̀, tèmi kò dàrú. Mo ti kọ́ ọ nínú ẹrẹ̀ pé àwọ̀ kì í ṣe iná.

Ìbéèrè mi kò yí padà ní tirẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá pè mí sí, nílé ọlọ́rọ̀ tàbí nílé iṣẹ́, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ta ló ń gbá ilẹ̀ níbí?" Wọ́n á ní, "Bàbá, iná la ní kí ẹ wá wò, kì í ṣe ìdọ̀tí." Mo mọ̀. Ẹ bá mi pè é. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló mọ ibi tí omi ń gbà wọlé, aga tí wọ́n ń gbé kúrò, igun tí eku ti ń jẹ nǹkan. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọkùnrin kan tí a jọ lọ síbi iṣẹ́ ti tú ògiri mẹ́ta, mítà olówó ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀. Ó ní, "Sà, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, nǹkan kan máa ń dún ṣíì." Ibẹ̀ náà ni. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Bàbá, oríire ni." Eyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Nígbà tí 1970 ń parí lọ ni Ọ̀gá fún mi ní òmìnira. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn ẹlẹ́ja ń palẹ̀ mọ́. Ó ní, "Tí o bá dé ilé oníbàárà, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Mo ní, "Màá bèèrè ẹni tó ń gbálẹ̀, Ọ̀gá."

Ó fa ìwé òmìnira náà súnmọ́ ara rẹ̀. Ó gbé báírò sí ọwọ́ ọ̀tún, báírò bọ́. Ó tún gbé e, ó tún bọ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì mú un, ó fi ahọ́n kan ètè, ó ń fa orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó pẹ́ gan-an. Mi ò gbọdọ̀ bá a dì í mú.

Ìwé náà wà lára ògiri pálọ̀ mi títí dòní. Àwọn lẹ́tà náà wọ́, wọ́n gun orí ara wọn. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bi mí pé, "Bàbá, ọmọ kékeré wo ló kọ eléyìí?"

Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀gá mi ló kọ ọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé èmi ni mo sọ ọ́ dà báyìí.